Ohun Tí Wọ́n Ní Kí Oníròyìn Má Sọ

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọbìnrin náà nígbà tí àìsàn yìí dé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti fún un lórúkọ. Oníròyìn ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí ẹnu rẹ̀ kì í sọ. Bí bàbá rẹ̀ bá sùn lọ sórí àga tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ á ti gbọ́ kí bàbá tó jí. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó lọ sọ fún àlejò kan pé òun kò sí nílé, ọmọ náà á jíṣẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́: "Màmá mi ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé." Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín. Ìyá rẹ̀ á ní ẹnu ọmọ yìí kò ní ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà kì í dá páropáro.

Onídìrí ni ìyá rẹ̀. Yàrá iwájú ilé wọn ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: dígí gbọọrọ kan lára ògiri, àga díẹ̀, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró, ike tí wọ́n ń kó òòyà sí. Bàbá rẹ̀ ń tún fíríìjì ṣe. Ẹ̀yìnkùlé wọn kún fún òkú fíríìjì tí àwọn tó ni wọ́n kò padà wá gbé, ibẹ̀ sì ni Oníròyìn ti máa ń ṣeré, tí á máa ṣí ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bẹ àwọn ará ilé wò.

Nígbà tó yá, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ó ń mu ún bí ẹni tó rìn la aginjù kọjá. Bó ṣe ń mu ún ló ń tọ̀ ọ́, débi pé ọmọ tó ti jáwọ́ nínú kó máa tọ̀ sórí ibùsùn tipẹ́tipẹ́ tún padà sídìí rẹ̀. Inú bí ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ó gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ aṣọ ibùsùn. Ọmọ ń rù, ẹ̀wù ilé ìwé rẹ̀ wá ń fì lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní gíga ló ń ga. Oníròyìn fúnra rẹ̀ sọ fún wọn. Ó ní òùngbẹ gbẹ òun lọ́jọ́ kan débi pé òun mu omi tí wọ́n fi ń nu pátákó ní kíláàsì. Wọ́n rò pé ìròyìn rẹ̀ náà ló tún dé, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ kò lè dìde. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ló wà, òórùn kan sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èso tó ti pọ́n jù. Bàbá rẹ̀ gbé e lé èjìká, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan tó máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣàlàyé fún wọn lẹ́yìn tí ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, irú èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ó ní nǹkan kan wà tí ara máa ń pèsè, ínsúlíìnì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń ṣí ọ̀nà fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti wọ inú ara kó di agbára. Ara ọmọ yìí kò pèsè rẹ̀ mọ́, kò sì ní í pèsè rẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ ni wọn yóò máa fi fún un, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ìyá béèrè bóyá súìtì ló fà á. Dókítà ní rárá, pé kò sí ohun tí wọ́n ṣe tó fà á. Ìyá gbọ́, ó mi orí, ṣùgbọ́n ife omi tó gbà lọ́wọ́ ọmọ ló ń rò.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa gún ìka láti mọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bí wọn yóò ṣe máa fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ibi tí wọn yóò gún nítan. Bàbá, tó ń jó irin mọ́ irin lójoojúmọ́, da oògùn nù lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ló tètè mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì náà wá kìlọ̀ fún wọn pé ọ̀tá méjì ló wà, pé ṣúgà tó bá lọ sókè ń rìn bọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ bá gba abẹ́rẹ́ tí kò jẹun tó, ń sáré bọ̀ ni. Bí ọmọ bá ń làágùn láìsí ooru, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá fẹ́ já gaara mọ́, kí wọ́n fún un ní ohun dídùn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe dúró bi í ní ìbéèrè.

"Ẹnikẹ́ni tó bá ń wà pẹ̀lú ọmọ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀," ó ní. "Ẹ sọ fún tíṣà rẹ̀ kó tó padà wọ kíláàsì."

Oníròyìn ní tiẹ̀ ti di ọ̀rẹ́ gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó wà ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mọ nọ́ọ̀sì tó máa ń tòògbé, ó sì ń sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń fọ ilẹ̀. Ó ń ká ẹ̀wù sókè láti fi itan rẹ̀ han ẹni tó bá ń kọjá: "Ibí yìí ni wọ́n gún mi sí. Mi ò sunkún púpọ̀." Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wò ó, àyà rẹ̀ já. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá délé, kò ní í pẹ́ tí gbogbo àdúgbò yóò fi mọ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà á yìí kò ṣàdédé wá. Ẹni tó bá ń gbé inú ṣọ́ọ̀bù onídìrí mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Ní ọdún tó ṣáájú, oníbàárà kan jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń sọ ìtàn ìyàwó kan tí wọ́n tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká nítorí pé ẹnì kan rántí pé wárápá máa ń gbé e ní kékeré. Gbogbo àwọn tó wà ní ìjókòó ló dá sí i. Onídìrí fúnra rẹ̀, tó ń di irun lọ láì gbójú sókè, ló sọ èyí tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù: ó ní ta ló máa fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìkòkò ti sán, tó máa gbé e relé. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dún létí rẹ̀ bó ti ń kó ẹrù ọmọ ní ilé ìwòsàn. Ó rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ tòun náà yóò dàgbà.

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá ní òun yóò lọ rí tíṣà lọ́jọ́ kejì. Ìyá ní kó má lọ.

"Nọ́ọ̀sì sọ fún wa," bàbá ní. "Tíṣà gbọ́dọ̀ mọ̀."

"Tíṣà náà ń dirun, Bàbá Oníròyìn. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ mi nìkan ló ti ń dì í."

Bàbá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ní òun mọ̀, pé òun ni òun bí i, pé òun yóò ṣètò gbogbo rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní í mọ̀, tí ohunkóhun kò sì ní í ṣe ọmọ. Ó sunkún díẹ̀. Bàbá kò lè rí ẹkún rẹ̀ sójú. Ó ní ó dáa, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ bá iṣẹ́ rẹ̀. Fíríìjì tó dára jù nínú gbogbo èyí tó ti tún ṣe rí ló gbé wọlé fún oògùn ọmọ, inú agolo bọ́tà ni ìyá sì kó àwọn ìgò kékeré náà pamọ́ sí, nítorí àlejò tó bá ṣí i.

Ìyá gbé ọmọ jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí, àwa mẹ́ta la ni ín. O ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Tíṣà wa ńkọ́?"

"Títí kan tíṣà."

Ọmọ ronú. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé: "Ṣé nǹkan burúkú ni mo ṣe ni, Màmá?"

Ìyá ní rárá o. Ṣùgbọ́n dípò kó ṣàlàyé, ohun tó yá ló sọ: ó ní bó bá sọ ọ́, inú òun yóò bà jẹ́ gan-an. Oníròyìn fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ó ní òun kò ní í sọ.

Ìyá rán àpò kékeré kan sí inú ẹ̀wù ilé ìwé rẹ̀, ó kó ṣúgà onígun sí i. Ó kọ́ ọ pé bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kó tọrọ ààyè láti lọ sí ilé ìtọ̀, kó jẹ ṣúgà níbẹ̀, kó nu ẹnu rẹ̀, kó padà. Ó sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Láàárọ̀, kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, wọ́n á ti gún ìka, wọ́n á ti fún un ní abẹ́rẹ́, á ti jẹun. Ìyá kò fi ọjọ́ kankan ṣeré. Bí a bá ń sọ ti ìtọ́jú, kò sí ìyá tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí kò fiyè sí ni ẹnu ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Oníròyìn á kọ́kọ́ wá tọrọ ààyè. Á súnmọ́ ìyá rẹ̀ létí, á ní, "Màmá, ológbò wọn ti bímọ. Ṣé mo lè sọ ọ́?" Ìyá á rẹ́rìn-ín, á ní kó sọ ọ́. Ọmọdé ni, kò mọ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ ní sísọ mọ́ nínú gbogbo ohun tó ń rí. Nígbà tó yá, kò tọrọ ààyè mọ́, kò sì sọ ọ́. Bí àwọn oníbàárà bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí, á ní kò sí. Wọ́n ní ta ló gbé Oníròyìn wọn lọ. Tíṣà pàápàá bá ìyá sọ ọ́ lọ́nà, ó ní ọmọ ti dákẹ́ jù. Ìyá dá a lóhùn pé ọgbọ́n ló ń gbọ́n. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó ń sọ ọ́, ó rò pé ọmọ ti mọ ara í ṣọ́.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ìdánwò ni wọ́n ń ṣe nílé ìwé. Obìnrin kan tó fẹ́ rìnrìn àjò ti wá kanlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní kùtù. Ìyá fún ọmọ ní abẹ́rẹ́, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó lọ dá oníbàárà lóhùn. Nígbà tó padà, oúnjẹ kò tíì dé ìdajì, aago ilé ìwé sì ti fẹ́ lù. Ó fi búrẹ́dì lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa jẹ ẹ́ lọ lọ́nà. Búrẹ́dì náà já bọ́ sínú omi níwájú ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ọmọ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bó ṣe lọ ní kíláàsì, ẹnu tíṣà ni wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Ọmọ nawọ́, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Tíṣà ní kó ní sùúrù, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí wọn yóò fi gba ìwé. Ó tún nawọ́, tíṣà tún ní kó dúró. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó sọ nǹkan sẹ́nu. Tíṣà rò pé súìtì ni. Ó ní kó tu ú, ó gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó wọn sórí tábìlì, ó ní kó lọ dúró síbi ògiri. Ó bi í kí ló dé tó ń jẹ ṣúgà nínú ìdánwò. Ọmọ wò ó, kò fèsì. Tíṣà rí i pé ó ń làágùn, ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ó bi í ṣé ara rẹ̀ kò yá ni. Oníròyìn ní ara òun yá. Kò pẹ́ sígbà náà ló ṣubú lulẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì.

Tíṣà gbé e mọ́ra, ó sáré dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní òpópónà kejì. Wọ́n bi í léèrè irú àìsàn tí ọmọ ní. Ó ní òun kò mọ̀. Wọ́n pe fóònù ìyá títí. Orí pẹpẹ ló wà, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun sì bò ó mọ́lẹ̀. Aṣọ́nà ilé ìwé ni wọ́n wá rán. Bí ìyá ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà tó ń mí gúlegúle, kò dúró kó sọ̀rọ̀ tán. Ó fi obìnrin onírìn-àjò sílẹ̀ tòun ti ààbọ̀ irun lórí, ó sáré lọ tòun ti òòyà lọ́wọ́.

Nígbà tó dé ibẹ̀, wọ́n ti yí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ibùsùn tóóró kan, nọ́ọ̀sì kan sì ń sọ fún èkejì pé ó jọ wárápá. Àwọn aláìsàn tó ń dúró ti kóra jọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, lójú tíṣà àti aṣọ́nà, ìyá sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń fi pamọ́.

"Àtọ̀gbẹ ló ní. Ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ṣúgà."

Wọ́n wá iṣan, wọ́n fa omi ṣúgà sí i. Gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. Ojú ọmọ ṣí díẹ̀díẹ̀, ó ń wo àjà, ó ń wo ògiri, kò mọ ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ó rí ìyá rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara tó láti gbọ́.

"Màmá," ó ní, "mi ò sọ fún wọn o."

Tíṣà gbọ́ ọ. Ó yí ojú sí ògiri. Ìyá gbé orí lé ẹsẹ̀ ọmọ lórí ibùsùn, kò sì gbé e sókè títí bàbá fi dé.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, ó ní orí ló yọ ọ́, pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọpọlọ rẹ̀ ì bá fara gbá a. Kò bínú sí wọn. Bàbá náà kò bá ìyá wí, ní ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìyá ní kó kúkú sọ ọ́ kóun gbọ́, kó yé dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó sọ ni pé, "Kí ni kí n sọ? Mo gbà fún ọ. Èmi náà wà níbẹ̀."

Tíṣà wá sílé lọ́jọ́ kejì. Ó ti ń tọrọ àforíjì kó tó jókòó. Ó ní òun kò rí oorun sùn, pé ṣúgà náà ṣì wà lórí tábìlì òun nígbà tí òun padà sí kíláàsì. Ìyá ní kó má ṣe bẹ òun, pé bó bá bẹ òun, yóò dà bíi pé ó ń bú òun ni. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù. Ìyá wá ṣàlàyé àìsàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún òun, ó sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé àlàyé tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó yọ àwọn ìgò oògùn kúrò nínú agolo bọ́tà, ó tò wọ́n sí gbangba nínú fíríìjì. Ó sọ fún ọ̀gá ilé ìwé, ó sọ fún ará ilé tó kángun sí wọn, ó sì dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù tòun ti òòyà lọ́wọ́, ó sọ fún àwọn oníbàárà. Ẹnì kan béèrè bóyá ó ń ràn. Ó ní kì í ràn. Òmíràn ní Ọlọ́run á wò ó sàn. Obìnrin tó wà lórí àga ní kó jọ̀ọ́, ó ń fa irun òun jù. Wọ́n á ti sọ ọ́ káàkiri, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó padà wá bá a nínú ohun tí wọ́n sọ tó tó nǹkan. Ohun tó ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀, bó ṣe mọ ní tòótọ́ nìyẹn.

Ọmọ ni kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyá sọ fún un pé ó lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni báyìí, pé òun ló ṣìnà, pé kò ṣe nǹkan burúkú kankan rí. Oníròyìn ní, "Ẹ ṣé, Màmá," bí ẹni pé wọ́n fún un ní ohun tí kò béèrè. Bí wọ́n bá bi í bí ara ṣe rí, dáadáa ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n lójú wọn, dáadáa náà ni. Ìyá wá di ẹni tó ń wo iwájú orí rẹ̀ fún òógùn, tó ń fetí sí ìmí rẹ̀, nítorí kò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ìgbà kan wà tó rí ìwé tí wọ́n fi ń dì ṣúgà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ. Kò bá a wí. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní bí ara rẹ̀ bá ń ṣe é, kó máa pe òun. Ọmọ ní, "Mi ò fẹ́ kí inú yín bà jẹ́ ni." Ìyá fà á mọ́ra. Ọmọ jẹ́ kó fa òun mọ́ra.

Ó ti di ọmọ ọdún méjìlá báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá nídìí rẹ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ dá. Ó ga, ó mọ̀wé, kì í yájú sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ará àdúgbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Oníròyìn.

Nígbà tí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, dókítà obìnrin yẹn ní ọmọ ti tó ẹni tí òun lè bá sọ̀rọ̀, àwọn méjì péré. Ó bẹ ìyá kó dúró síta. Ìyá jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì ọmọ lé itan. Ó rò pé wọn kò ní í pẹ́, nítorí ó mọ bí ọmọ òun ṣe ń dáhùn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́. Ó ń gbọ́ ohùn láti inú, kì í sì í ṣe ti dókítà. Ohùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń yára bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ tí kò fẹ́ kí àkókò lọ. Ní àárín rẹ̀, ọmọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn rẹ̀ tún lọ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá jọ pé ó ń sunkún. Ìyá tẹ etí sílẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ojú ọmọ ti gbẹ. Ìyá dìde, ó bi í kí ni wọ́n jọ sọ.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó na ọwọ́ gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, ó sì di ilẹ̀kùn àbájáde mú kí ìyá rẹ̀ lè kọ́kọ́ kọjá.